Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Wíwá Ìgbàgbọ́ Ara Ẹni ní Ilẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara

Ìfáàrà

“Ọ̀nà kan kò wọ ọjà” ni àwọn àgbà sábà máa ń fi parí ọ̀rọ̀ nígbà tí àríyànjiyàn ẹ̀sìn bá bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó pa òwe náà á gbọn aṣọ rẹ̀, á dìde, àwọn tí ó kù á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó, ibi tí òwe yìí parí sí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ń lọ sí ọjà. Ọ̀nà lè pọ̀ bí ẹ̀ka igi, ẹsẹ̀ méjì péré ni Elédùmarè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó lè rin ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dandan ni kí ó yan ọ̀kan. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ta ni ó bá a yàn án? Kí ni ó mọ̀ kí ó tó yàn án? Ojú wo ni yóò sì máa fi wo ẹni tí ó gba ọ̀nà kejì?

Ilẹ̀ tí ó yẹ kí a ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kò jìnnà. Ní igun ìpínlẹ̀ Kwara tí ó bá ìpínlẹ̀ Èkìtì pààlà ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ wà. Àràrọ̀mí-Òpin ni olú-ìlú ti àkọ́kọ́, Ìlọ́fà sì ni ti èkejì. Àwọn ìlú bí Ọ̀sì, Ọ̀bọ, Erúkù, Kóro, Òdò-Ọwà àti Ìdòfin wà láàrin wọn. Ẹ̀ka-èdè wọn bá ti àwọn Èkìtì tí ó wà ní ìhà gúúsù tan, ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn kó wọn mọ́ agbègbè Ìlọrin, ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé àtijọ́ fi ń pe Ọ̀sì ní Ọ̀sì-Ìlọrin. Àwọn ìlú yìí kò tóbi, ṣùgbọ́n nínú wọn ni àwọn ọkùnrin kan ti jáde ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàn dé òkè òkun. Ọ̀kan di wòlíì tí ìjọ ńlá ti ara iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Àwọn yòókù jẹ́ agbẹ́gilére tí iṣẹ́ wọn wà fún ojúbọ, fún ààfin àti fún ilé ìjọsìn.

Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìgbàgbọ́ tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé kì í bẹ̀rù ìmọ̀, kì í sì í nílò kí a tàbùkù ti ẹlòmíràn kí ó tó lè dúró. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti fi ìmọ̀ síwájú ọmọ, kí ó sì fi yíyàn sílẹ̀ fún ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ̀sìn Yàtọ̀ sí Ìgbàgbọ́

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe “sìn” ni a ti ṣẹ̀dá “ẹ̀sìn”. Ìdílé lè sin nǹkan, odidi ìlú sì lè sìn ín. Ọmọ tí a bí sínú agboolé á bá àwọn òbí rẹ̀ lẹ́nu ìsìn náà, á sì máa tẹ̀lé wọn kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ti “ìgbàgbọ́” kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀, “gbà” àti “gbọ́”, àwọn méjèèjì yìí náà ni wọ́n sì pàdé nínú òwe tí ó ní kí a wí fún ni kí a gbọ́, kí a sọ fún ni kí a gbà. Bàbá lè fi ẹ̀sìn sílẹ̀ fún ọmọ bí ó ṣe ń fi oko àti ilé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bàbá tí ó lè bá ọmọ rẹ̀ gbọ́, kò sì sí ìyá tí ó lè bá a gbà. Lóòótọ́, àwọn Kristẹni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní onígbàgbọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ìjọ kan lọ. Mùsùlùmí tí ó gbọ́ tí ó sì gbà ní ìgbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣẹ̀ṣe tí ó mọ ohun tí òun ń bọ àti ìdí tí òun fi ń bọ ọ́.

Yíyàn kì í ṣe àlejò nínú èrò Yorùbá. Àkúnlẹ̀yàn ni a ń pe ìpín tí olúkúlùkù yàn kí ó tó wá sí ilé ayé. Bí a bá bí ọmọ, a máa ń dá Ifá àkọsẹ̀jayé fún un, kí a lè mọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tọ̀ àti òrìṣà tí ó yẹ kí ó máa bọ. Ìyàwó a sì máa gbé òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ wá sí ilé ọkọ. Nítorí náà, agboolé tí Ògún, Ọ̀ṣun àti Ọbàtálá ti ń gba ẹbọ lábẹ́ òrùlé kan náà ti wà kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kristẹni tó dé. Àwọn ẹ̀sìn méjèèjì tí ó wá lẹ́yìn bá àṣà yìí nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ará Ọ̀sì tàbí ará Ìlọ́fà lẹ́nu bí bàbá bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá jẹ́ Kristẹni, tí ẹ̀gbọ́n bàbá sì ń tọ́jú ojúbọ ìdílé. Wọn á jọ jẹ ẹran Iléyá, wọn á sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì.

Ẹwà ni èyí, ṣùgbọ́n ẹwà náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ ọdún gbogbo lè dàgbà láìbi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun fúnra òun gbà. Ó lè máa ka àlàáfíà ilé sí ìgbàgbọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àìbéèrè ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń yà á lẹ́nu jù ní ọjọ́ tí ó bá kúrò nílé, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹ́sìn sì dúró sí ẹnu ọ̀nà láti gbà á. Láàrin oṣù mẹ́ta, ó ti di ẹni tí ń pe ìyá ìyá rẹ̀ ní kèfèrí. A kò lè sọ pé ó yan ọ̀nà. Èrò ni ó gbé e lọ.

Ọmọ Òdò-Ọwà Méjì

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ẹni tí ó wá ìgbàgbọ́ títí ó fi di tirẹ̀, kò yẹ kí a fo orúkọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí i sínú ìdílé ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Òdò-Ọwà. Bàbá Ẹgbẹ́ ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ náà. Ní ọdún 1914, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sí Òtò-Àwórì ní ọ̀nà Badagry, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ka ìwé dé ìpele kẹrin ní Òṣogbo, ó fi í sílẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó tún fi ìyẹn sílẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba tí ń la ọ̀nà, èyí tí àwọn ará ìgbà náà ń pè ní P.W.D. Òun ni ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ní ìtòsí Ìkéjì-Arákejì ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn rẹ̀ ti sọ, kò rí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn tí ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì padà sí Òdò-Ọwà láti wàásù.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí nínú ìtàn yìí. Èkíní, inú ìjọ ni a bí Babalọlá sí, síbẹ̀ ó ṣì ní láti gbọ́ kí ó tó gbà. Ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ kò pọ̀n ọ́n dé ibi tí ó ń lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sọ pé irọ́ ni ó. Èkejì, ìgbàgbọ́ náà gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pàdánù iṣẹ́ oṣù, àwọn ará ilé rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ní ọdún 1932 wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Ìbínì. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ẹ̀kẹta, kò dá nìkan rìn títí ayé. Ó gba ìrìbọmi nínú ìjọ Faith Tabernacle ní ìparí ọdún 1929, ní oṣù keje ọdún 1930 ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, láti inú rẹ̀ ni ìjọ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1943 gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church sì ti hù. Ẹ̀dẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959. Ní ọdún 2006, yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkéjì-Arákejì, níbi tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Babalọlá kò fi àyè sílẹ̀ fún òrìṣà. Ó ní kí àwọn ènìyàn kó ère àti oògùn wọn jáde kí a sun wọ́n, ọ̀pọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ọnà Yorùbá jẹ lógún kò lè gbọ́ èyí kí ó má dùn ún, nítorí ohun tí iná jó kò ṣeé tún rí. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi ojú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan wo ọ̀rọ̀ náà. Àkókò ìnira ni. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 sì ti mú ilẹ̀ gbogbo. Ẹni tí ó ti ná gbogbo ohun tí ó ní lórí àìsàn, tí ẹ̀rù àjẹ́ kò jẹ́ kí ó sùn, tí a wá sọ fún pé omi àti àdúrà tó, òun nìkan ni ó mọ ẹrù tí ó bọ́ lórí òun ní ọjọ́ náà.

Ní Òdò-Ọwà yìí kan náà ni Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè gbé ayé, láti nǹkan bí ọdún 1885 títí di 1975. Orúkọ Mùsùlùmí ni ó ń jẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ sì ni àwọn ère agbérí tí ó gbẹ́ fún ọdún Ẹpa. Ẹni tí ó bá ti rí Ẹpa rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Láti ara igi kan ṣoṣo ni a ti ń gbẹ́ ẹ, ojú ńlá ni yóò wà nísàlẹ̀, jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ yóò sì wà lókè pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn yí i ká. Ìwọ̀n rẹ̀ lè ju kílò 20 lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ni yóò sì gbé e jó lójú agbo. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba gba Bámigbóyè láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ ní Òmù-Àrán. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè.

Ìlú kan náà ni, sáà kan náà sì ni. Bí ẹnì kan ti ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n kó ère jáde fún iná, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kejì ń gbẹ́ ère fún ọdún. Kò sí àǹfààní nínú kí a díbọ́n pé ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba. Wọn kò dọ́gba. Síbẹ̀, Òdò-Ọwà bí àwọn méjèèjì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ ìlú lè sọ pé kì í ṣe tiwa. Ìtàn ìlú tí ó bá yọ ọ̀kan kúrò ti di àbọ̀ ìtàn.

Àwọn Agbẹ́gilére Ọ̀sì

Ní Ọ̀sì, ọ̀nà mìíràn tún hàn. Dàda Aréógún, tí àwọn ìwé mìíràn ń pè ní Arówógún, gbé ayé láti nǹkan bí ọdún 1880 sí 1954. Orúkọ yìí ń sọ nípa ẹni tí ó fi irin Ògún rí owó, tí ó sì ń ná an fàlàlà. Ó gbẹ́ Ẹpa, ó gbẹ́ ọpọ́n Ifá, ó sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn tí babaláwo, ọdẹ àti òyìnbó orí kẹ̀kẹ́ ti jọ wà lójú kan. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ẹgbẹ́ SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, lábẹ́ àwọn àlùfáà bíi Fada Kevin Carroll, Bándélé wà lára àwọn tí wọ́n pè. Ọwọ́ tí ó ti mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ọba adé lórí ẹṣin fún Ẹpa ni ó wá gbẹ́ àwọn amòye mẹ́ta tí ó wá kí Jésù ọmọ-ọwọ́, wọ́n sì jáde bí ọba Yorùbá.

Ní ọdún 1949, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Ìdílé agbẹ́gilére ni ó ti wá, Mùsùlùmí sì ni. Ó gbẹ́ àwọn ìlẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbẹ́ ère Odùduwà ńlá tí a gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, ó sì wà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 2009. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí: Mùsùlùmí jókòó ti ọmọ agbẹ́gilére òrìṣà, ó ń kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì lábẹ́ òrùlé àwọn àlùfáà Kátólíìkì. Àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni a tún fẹ́ gbà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ní ọdún 1954, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kò jáwọ́ nínú iṣẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé oúnjẹ ni àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí ń wá, kì í ṣe ìgbàgbọ́, àti pé ẹni tí ó ń gbẹ́ fún gbogbo ẹ̀sìn kò ní ọ̀kan lọ́kàn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ Aréógún fúnra rẹ̀ kò fi owó pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ wọn fi hàn ni pé ààlà wà láàrin ohun tí ọwọ́ mọ̀ àti ohun tí ọkàn jẹ́wọ́. Làmídì mọ ìtàn Bíbélì dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gbẹ́ ẹ sára igi, ìmọ̀ náà kò sì sọ ọ́ di Kristẹni. Ó mọ Odùduwà, kò sì kúrò nínú mọ́sálásí. Bí ẹni tí ó gbẹ́ ère kò bá di abọ̀rìṣà nípa gbígbẹ́ rẹ̀, báwo ni ẹni tí ó ka ẹsẹ Ifá nínú kíláàsì yóò ṣe di babaláwo?

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ìbéèrè yìí ni ó gbé ọ̀rọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Nínú ètò ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọ Kristẹni máa ń lọ sí kíláàsì ìmọ̀ Bíbélì, àwọn ọmọ Mùsùlùmí a sì lọ sí ti ìmọ̀ Ìsìláàmù. Ọmọ oníṣẹ̀ṣe kò ní yàrá tirẹ̀. Kíláàsì Yorùbá nìkan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó pa pọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá délẹ̀, nítorí kò sí bí a ṣe lè kọ́ àṣà àti lítíréṣọ̀ Yorùbá kí a má kan Ifá, Ògún, egúngún tàbí Ẹpa. Àǹfààní tí olùkọ́ Yorùbá ní nìyí, ẹrù rẹ̀ náà sì nìyí.

Kò sí àní-àní pé ẹrù náà wúwo ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin nítorí awuyewuye lórí híjáàbù. Ní oṣù kejì ọdún 2022, irú awuyewuye bẹ́ẹ̀ di ìjà ní Ìjàgbó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn ní ọdún náà ti ń di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga báyìí. Wọ́n wà lára àwọn tí a ń kọ́ láti di olùkọ́.

Abala 38 Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Ó tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹni tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Láti inú òfin yìí àti láti inú ìtàn Ọ̀sì àti Òdò-Ọwà, a lè fa ìlà mẹ́ta tí olùkọ́ yóò máa tọ̀.

Ìlà kìíní ni ti ìmọ̀. Ìmọ̀ jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni, tí ó fo orí-ọ̀rọ̀ òrìṣà nítorí pé ó ti di àtúnbí tàbí nítorí pé àáfà rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, ti jí nǹkan àwọn ọmọ náà gbé. Bákan náà ni olùkọ́ tí ó fẹ́ràn ìṣẹ̀ṣe, tí ó ń kọ́ ìtàn Òkè-Ẹ̀rọ̀ tí kò sì dárúkọ Babalọlá, tàbí tí ó dárúkọ rẹ̀ kìkì láti bú u pé ó sun ère. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà ní ọ̀nà kejì kò lè sọ pé òun yan èyí tí òun ń tọ̀.

Ìlà kejì ni ti ìṣe. Mímọ̀ yàtọ̀ sí kíkópa. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe ọjọ́ àṣà, tí ọmọ kan sọ pé ẹ̀rí-ọkàn òun kò jẹ́ kí òun gbé ère agbérí tàbí kí òun wúre ní ojúbọ orí ìtàgé, kí a fi í sílẹ̀. Kí ó kọ àròkọ lórí rẹ̀, kí ó sọ ìtumọ̀ ohun tí ó rí. Àwọn tí wọ́n kó ère wọn jáde nígbà ìsọjí Babalọlá ní ẹ̀rí-ọkàn, ọmọ náà sì ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò tọ́ kí a fi dandan mú ọmọ oníṣẹ̀ṣe tàbí ọmọ Mùsùlùmí láti kọ orin ìyìn ìjọ ní àpéjọ àárọ̀.

Ìlà kẹta ni ti ìjẹ́wọ́. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi máàkì ra ọkàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ máa rò pé òun yóò yege bí òun bá ń lọ sí ilé ìjọsìn olùkọ́ òun, tàbí pé òun yóò kùnà nítorí gèlè tàbí híjáàbù tí ó wà lórí òun. Olùkọ́ lè ní ìgbàgbọ́ tí ó jinlẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí ìwà rẹ̀ máa wàásù rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tí ó tún orí ọmọ ṣe kò gbà á lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ọjọ́ orí tí Babalọlá wà nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Wíwá ìgbàgbọ́ kò túmọ̀ sí pé kí a fi ilé sílẹ̀ dandan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wádìí tọkàntọkàn ni ó padà sí ìjọ bàbá rẹ̀ tàbí mọ́sálásí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà pẹ̀lú ìmọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé ẹ̀sìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó bi àwọn àgbà ilé léèrè ohun tí wọ́n ń sìn tẹ́lẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi yí padà tàbí tí wọn kò fi yí padà, kí wọ́n tó kú tán. Kí ó má ṣe yan ọ̀nà ní ọjọ́ tí inú bí i sí òbí, tàbí ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ fún un ní oúnjẹ. Kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ṣetán láti san ohun tí ọ̀nà náà yóò bèèrè. Bí ó bá ti yàn tán, kí ó lè wọlé kí ìyá àgbà tí ó wà nídìí ojúbọ, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí ó bá sọ ọmọ di ẹni tí kò lè kí ìyá rẹ̀ ṣì ní ìrìn láti rìn.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àlàyé yìí, a ti rí i pé ẹ̀sìn ṣeé jogún ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ gbọ́ tí ó sì gbà. Babalọlá ti Òdò-Ọwà fi hàn pé ẹni tí a bí sínú ìjọ pàápàá ṣì ní ohun tí yóò wá. Bámigbóyè, Aréógún, Bándélé àti Làmídì fi hàn pé ènìyàn lè mọ ohun ẹlòmíràn dé ìjìnlẹ̀ láìsọ ara rẹ̀ nù. Àwọn méjèèjì ni olùkọ́ Yorùbá nílò: kí ó dúró lórí ohun tí ó gbà, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì gbọ̀n bí ó bá ń fi ti ẹlòmíràn han ọmọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dé oríta, ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún un ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan já sí, àwọn tí wọ́n ti gbà á kọjá, àti ohun tí wọ́n san. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó jẹ́ kí ọmọ kọjá.